Rọ́bà Ṣáàfù Tó Ń Ya, Táyà Tó Ń Ha: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Gbé Jíìpù Rẹ̀ Sókè

Ẹni tó bá gbé Toyota 4Runner tàbí Tacoma rẹ̀ sókè kó lè ga ju bó ṣe wá lọ, tó sì wọ táyà ńlá fún un, wàhálà méjì kan náà ló sábà máa ń bá. Gíríìsì á máa ta sí inú rímù àti ara ṣọ́ọ̀kì. Táyà á sì máa ha nǹkan bí ó bá ti ká sítíárìn dé òpin, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá já sí kòtò. Mẹkáníìkì á pààrọ̀ rọ́bà ṣáàfù, ìyẹn rọ́bà tó ń gba gíríìsì dúró lórí ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú. Kò ní pẹ́, rọ́bà tuntun náà á tún ya. Wọ́n á gé pílásítíìkì inú fẹ́ńdà, táyà ò ní jáwọ́ nínú híha. Owó ń lọ, ìwòsàn ò dé.

Ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, wọn ò kan ohun tó ń bà á jẹ́. Rọ́bà ń ya nítorí pé ṣáàfù ti dà gẹ̀rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti táyà, ọ̀pọ̀ gbà pé bí ọkọ̀ bá ti ga, àyè ti wà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí táyà lè gòkè dé nínú fẹ́ńdà kò yí padà rárá, torí rọ́bà sítọ́pà tó ń dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ já sí kòtò ńlá, táyà á gòkè dé ibẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbé ọkọ̀ náà sókè rí. Nítorí náà, ẹ yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì tó gé ohunkóhun.

Toyota 4Runner ọdún 2003 sí 2009 àti Tacoma ọdún 2005 sí 2015, àwọn tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Òǹkà agbára ìdè-nọ́ọ̀tì (Nm) tí mo kọ, tiwọn ni. Bí tiyín bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún òǹkà.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Jáàkì tó lágbára àti ẹsẹ̀ irin méjì tí a fi ń gbé ṣásì dúró. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì kò lè dípò ẹsẹ̀ irin: ó máa ń fọ́ lójijì, kò ní kọ́kọ́ ké. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí búlọ́ọ̀kù gbé dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó.
- Sokẹ́ẹ̀tì 35 mm fún nọ́ọ̀tì ojú ṣáàfù, 21 mm fún nọ́ọ̀tì táyà, àti àwọn yòókù láti 10 dé 22.
- Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń dè nọ́ọ̀tì. Bí ẹ ò bá ní, ẹ yá a.
- Kúróbà kékeré méjì, òòlù, àti igi líle kan tí òòlù á máa bà dípò irin.
- Páálí rọ́bà ṣáàfù tó pé: rọ́bà inú, rọ́bà ìta, kílíìpù mẹ́rin, òrùka lọ́ọ̀kì tuntun, àti gíríìsì méjèèjì. Rọ́bà inú ni èyí tó wà lẹ́bàá difurẹ́ńṣà, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì. Rọ́bà ìta ni èyí tó wà lẹ́bàá táyà.
- Pọ́ńṣà tí a fi ń fún etí kílíìpù pọ̀.
- Píìnì tuntun tí a ń là lẹ́nu, fún ojú ṣáàfù.
- Ẹfun, tépù ìwọ̀n, tépù oníke, ọ̀dà funfun díẹ̀, wáyà, àkísà tó mọ́, àti abọ́ tí ọ́ìlì á kán sí.
- Ọ́ìlì jíà fún difurẹ́ńṣà iwájú, bóyá díẹ̀ á dànù.

Ní Ladipo àti àwọn ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n á ta rọ́bà lásán fún yín láìsí gíríìsì àti kílíìpù, wọ́n á ní kí ẹ lo gíríìsì béárìn. Ẹ má gbà. Gíríìsì orí ṣáàfù yàtọ̀. Ti ìta máa ń dúdú nítorí èròjà molybdenum tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń gba irin lọ́wọ́ irin nígbà tí wọ́n bá ń fún ara wọn pa.

Ìpele 1: Ẹ mọ àìsàn tó ń ṣe ṣáàfù

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wọn láti àárín ojú rímù dé etí fẹ́ńdà lókè, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá irú ọkọ̀ yẹn kan náà tí wọn ò gbé sókè, kí ẹ wọn tirẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iye tí wọ́n fi gbé tiyín, ohunkóhun tí ẹni tó tà á fún yín ì báà sọ. Bí ó bá ti kọjá 6.5 cm, tàbí ínǹṣì 2.5, rọ́bà kankan tí ẹ bá wọ̀ ò ní pẹ́ àfi tí ẹ bá dín igun náà kù ní Ìpele 6.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí ẹsẹ̀ irin kí táyà rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo rọ́bà inú dáadáa, torí òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọkọ̀ tí a gbé sókè. Lókè rẹ̀, ìhunjọ rọ́bà ti là gbàgà. Nísàlẹ̀, wọ́n ti dì mọ́ ara wọn. Bí ṣáàfù ṣe ń yí, gbogbo ìhunjọ yẹn ló ń kọjá níbi tó há yẹn, tí wọ́n ń gé ara wọn jẹ. Bí ẹ bá fi èékánná la àárín méjì nínú wọn, ẹ ó rí ìyẹ̀fun dúdú tó rọ̀ bí èédú lílọ̀. Rọ́bà fúnra rẹ̀ nìyẹn, ó ń tán lọ. Kò tíì ya, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì ló lè máa tú gíríìsì jáde, ẹ má dà wọ́n pọ̀:

Bí rọ́bà bá ti ya, ṣáàfù gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ lọ sí Ìpele 2.

Bí rọ́bà bá wà lódindi, tí gíríìsì ń yọ lábẹ́ kílíìpù ńlá ti inú, kílíìpù ló ti rẹ̀. Ẹ ò ní láti tú ṣáàfù. Ẹ nu gíríìsì kúrò, ẹ gé kílíìpù àtijọ́, ẹ fi omi tí a fi ń fọ bíréèkì fọ etí rọ́bà àti irin abẹ́ rẹ̀ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ wá fi kílíìpù onírin pẹlẹbẹ tí a lè ṣí lẹ́nu wé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra odindi ṣáàfù nítorí kílíìpù yìí. Kílíìpù họ́ọ̀sì onísíkúrù ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yọ síta, ó lè máa gbá ohun tó bá wà nítòsí. Okùn oníke kò wúlò níbẹ̀ rárá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti mọ iye tí a fi gbé ọkọ̀ sókè, ẹ ti mọ rọ́bà tó ń ṣàìsàn, ẹ sì ti mọ̀ bóyá rọ́bà ni tàbí kílíìpù.

Ìpele 2: Yíyọ ṣáàfù

1. Kí táyà tó kúrò nílẹ̀, ẹ ṣí ìdérí àárín rímù, ẹ yọ píìnì àti adé tó bo nọ́ọ̀tì, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì 35 mm náà dẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sókè tán kí ẹ tó rántí èyí, wàhálà rẹ̀ á pọ̀.
2. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè sórí ẹsẹ̀ irin, ẹ yọ táyà, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ṣásì. Bí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà ni ọkọ̀ á jókòó lé.
3. Ẹ tú kálípà bíréèkì kúrò, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Kálípà tó bá ń fi họ́ọ̀sì rọ̀ ń ba inú họ́ọ̀sì náà jẹ́ níbi tí ojú ò tó. Ẹ tú ibi tí wọ́n ti de wáyà ABS (èyí tó ń wọn yíyí táyà) àti họ́ọ̀sì bíréèkì mọ́ apá òkè, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú lókè.
4. Ẹ yọ bóòtù méjì tó de bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì ìsàlẹ̀ mọ́ nọ́kù, ìyẹn irin ńlá tí ojú táyà jókòó sí. Nọ́kù á lè sún síta báyìí.
5. Ẹ dá nọ́ọ̀tì 35 mm padà sí ẹnu ṣáàfù díẹ̀ kí eyín ẹnu rẹ̀ má bàa fọ́, ẹ fi igi sí i, ẹ fi òòlù lù ú. Bó bá ti gbọ̀n, ẹ yọ nọ́ọ̀tì, ẹ sún nọ́kù síta kí ṣáàfù bọ́ sílẹ̀.
6. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ difurẹ́ńṣà. Ẹ fi kúróbà méjì, ọ̀kan lápá kan, ọ̀kan lápá kejì, ta orí ṣáàfù inú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jáde, ẹ gbé e lọ́wọ́ kó dúró gbọọrọ. Ẹ má jẹ́ kí eyín rẹ̀ wọ́ kọjá lórí ọ́ìlì síìlì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹni tó bá di ṣáàfù mú láàárín tó fà á tìpátìkúùkù á fa orí inú yọ kúrò nínú ilé rẹ̀, ilé náà á sì kù sára difurẹ́ńṣà. Orí ilé irin yẹn gan-an ni kí kúróbà ti gbé agbára, kì í ṣe orí ìbòrí tín-ínrín tó ń dá eruku dúró lẹ́yìn rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ṣáàfù wà lódindi lọ́wọ́ yín, ètè ọ́ìlì síìlì kò ya, kálípà sì wà lórí wáyà.

Ìpele 3: Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá pinnu

Ẹ gé kílíìpù ti inú méjèèjì, ẹ sún rọ́bà sẹ́yìn. Kí ẹ tó fa ohunkóhun yọ, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara ilé irin, gba orí onírolà mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, dé ara ṣáàfù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ dá wọn padà. Ẹ má fi òòlù àti ìṣó gé àmì sí i.

Ẹ fa ilé irin kúrò, ẹ yọ òrùka lọ́ọ̀kì, ẹ lu orí onírolà mẹ́ta náà jáde pẹ̀lú igi. Ẹ má lu rólà rẹ̀. Orí ìta kì í tú. Toyota kò ṣe é kí a tú u. Láti ẹnu ibi tí orí inú ti jáde yìí ni rọ́bà ìta náà á gbà kúrò.

Ẹ nu gbogbo gíríìsì àtijọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ irin, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí kẹrosíìnì tó bá ṣẹ́ kù á fọ gíríìsì tuntun lọ. Ẹ wá yí orí ìta pẹ̀lú ọwọ́ ní gbogbo igun. Bí ó bá ń rọ́ wìnìwìnì bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ rí ibi tí ojú irin ti jẹ kòtò, tàbí tó ti yí sí àwọ̀ aró nítorí ooru, ẹ má náwó rọ́bà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọkọ̀ bá ti ń ṣe kàn-kàn-kàn nígbà tí ẹ bá ká sítíárìn dé òpin tí ẹ sì ń lọ.

Bí orí méjèèjì bá mọ́ tí wọ́n sì ń yí jẹ́ẹ́, ẹ tọ́jú ṣáàfù yẹn. Ṣáàfù àtilẹ̀wá tí irin rẹ̀ ṣì dára, tí a wọ rọ́bà tuntun fún, sàn lójú mi ju ṣáàfù tuntun olówó pọ́ọ́kú tí a ò mọ ẹni tó rọ ọ́. Ẹni tó ń tà á á sọ òdìkejì. Ẹ jẹ́ kó sọ.

*Àyẹ̀wò:* irin gbẹ, kò sí iyanrìn, àmì ọ̀dà ṣì hàn.

Ìpele 4: Wíwọ rọ́bà sí ọkọ̀ tí a gbé sókè

Ibí ni iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ lásán, ẹ fara balẹ̀.

1. Ẹ fi tépù oníke we eyín ẹnu ṣáàfù kó má bàa gé rọ́bà.
2. Ẹ wọ̀ ọ́ bó ṣe tò yìí: kílíìpù ńlá ìta, rọ́bà ìta, kílíìpù kékeré ìta, lẹ́yìn náà kílíìpù kékeré inú, rọ́bà inú, kílíìpù ńlá inú. Kílíìpù tí ẹ bá gbàgbé kò ní lè wọlé mọ́ lẹ́yìn tí orí bá ti padà.
3. Ẹ tẹ gíríìsì ti ìta wọ inú orí ìta títí tó fi kún àárín àwọn bọ́ọ̀lù irin, kí ẹ fi ìyókù sínú rọ́bà. Ẹ dá orí onírolà mẹ́ta padà ní ojú àmì, pẹ̀lú òrùka lọ́ọ̀kì tuntun, kí ẹ wá fi gíríìsì ti inú sí tirẹ̀. Gíríìsì méjèèjì kì í jọ. Ẹ má pààrọ̀ wọn, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Gbogbo èyí tó wà nínú páálí ni kí ẹ lò.
4. Rọ́bà ìta, ẹ fi sí ibi tí a gbẹ́ sílẹ̀ fún un lára ṣáàfù, ẹ dè é.
5. Rọ́bà inú: ẹ dè ẹnu ńlá rẹ̀ mọ́ ilé irin níbi tó ti yẹ. Ẹnu kékeré ńkọ́? Ẹ má tíì dè é. Ẹ tẹ ṣáàfù sí igun tó máa wà lára ọkọ̀ yín, kí ẹ wo ìhunjọ tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń kan ara wọn, ẹ sún ẹnu kékeré lọ síhà táyà díẹ̀díẹ̀ títí ìhunjọ á fi yà kúrò lára ara wọn, láìjẹ́ pé ti òkè nà le koko. Ibẹ̀ ni kí ẹ dè é sí, lórí ibi tí ṣáàfù ti dán tí ó sì mọ́.
6. Kí ẹ tó fún kílíìpù kékeré pọ̀, ẹ ki ẹnu sikurudíráfà tó tín-ínrín tí kò mú sábẹ́ ètè rọ́bà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ á wú nígbà tó bá gbóná, á sì ti kílíìpù kúrò níbi tó wà.

Àwọn kan máa ń sún ẹnu kékeré jù, tí rọ́bà á fi nà bí ìlù. Nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ á fà yọ lábẹ́ kílíìpù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ di kílíìpù kọ̀ọ̀kan mú kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i. Kò gbọ́dọ̀ yí. Ẹ tẹ ṣáàfù sí gbogbo igun. Kò sí ibi tí rọ́bà ti ń kan rọ́bà, kò sí ibi tó ti rì wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.

Ìpele 5: Dídá a padà

Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ètè ọ́ìlì síìlì. Ẹ yí òrùka lọ́ọ̀kì tó wà lẹ́nu ṣáàfù inú kí ẹnu rẹ̀ tó là kọjú sí ilẹ̀, kí ẹ tì í wọlé gbọọrọ títí ẹ ó fi gbọ́ “káà”. Ẹ di ilé irin mú, ẹ fà á síta díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé yín. Ilé irin ni kí ẹ fà, kì í ṣe ọ̀pá ṣáàfù.

Ẹ dá nọ́kù padà, ẹ dè bóòtù méjì ti bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì ìsàlẹ̀ dé 160 Nm. Ẹ dá kálípà àti àwọn ìdè wáyà padà. Nọ́ọ̀tì ojú ṣáàfù dé 235 Nm, kí adé àti píìnì tuntun tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀tì táyà dé 113 Nm. Bí ọ́ìlì difurẹ́ńṣà bá dànù, ẹ rọ tuntun sí i títí á fi dé etí ihò tí a ń gbà rọ ọ́, nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ́jú. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí ẹ tó gbé ọkọ̀ rìn, kó fi padà le lẹ́sẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, nígbà tí táyà ṣì rọ̀, ẹ ká sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ yí táyà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lósì. Ẹ wo họ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà ABS náà: bí ọ̀kan bá nà le bí okùn aṣọ, ẹ gbọ́dọ̀ tún ibi tí a dè é sí ṣe.

Ìpele 6: Dídín igun ṣáàfù kù

Ẹni tó bá fo ibí yìí á tún padà sí Ìpele 1.

Bí ohun tí wọ́n fi gbé e bá jẹ́ sípésà (irin tí a fi kún gíga) tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, ẹ rántí pé ṣọ́ọ̀kì kò sí ní ìdúró táyà gan-an. Ó wà ní bí ìdajì apá ìsàlẹ̀. Sípésà 2.5 cm á gbé ọkọ̀ tó nǹkan bí 5 cm. Nítorí náà ẹni tó ra sípésà 5 cm tó rò pé 5 cm lòun ra, ìlọ́po méjì ló rà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi èyí tó kéré sí i. Bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì tí a lè yí sókè sódò, ẹ yí i sílẹ̀ títí ẹ ó fi wà lábẹ́ 6.5 cm.

Sípésà difurẹ́ńṣà náà wà: irin roboto bí 2.5 cm pẹ̀lú bóòtù gígùn, tí a ń ki sí ojú ìdè iwájú difurẹ́ńṣà kó lè tẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ràn rọ́bà lọ́wọ́ díẹ̀. Kò lè gba ọkọ̀ tí a gbé 10 cm là, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà ló ń tà. Bí ẹ bá fi sí i, ẹ wò ó bóyá irin ààbò abẹ́ ọkọ̀ kò kan difurẹ́ńṣà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tún wọn láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà. Ẹ sùn sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, kí ẹ wo ṣáàfù méjèèjì: ìdagẹ̀rẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jọra.

Ìpele 7: Ẹ wá ibi tí táyà ti ń ha gan-an

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Táyà 265/70R17 fẹ̀ ní ìdábùú tó 803 mm. 285/70R17 tó 831 mm. Ìyẹn ni pé etí táyà ti sún mọ́ irin pẹ̀lú 14 mm yíká, ó sì fẹ̀ sí i pẹ̀lú 10 mm níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo offset tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rímù, ìyẹn bí ojú ìdè rímù ṣe jìnnà sí àárín ìbú rẹ̀ ní mìlímítà. Bí ẹ bá kúrò ní +30 bọ́ sí 0, ẹ ti ti táyà síta ní 30 mm. Kì í ṣe pé ó yọ síta lásán: nígbà tí ẹ bá ká sítíárìn, etí táyà á máa gba ọ̀nà tó jìnnà sí i, níwájú dé ẹnu bọ́ńpà, lẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bọ́dì, ìyẹn ibi tí bọ́dì ti jókòó lé ṣásì lẹ́yìn táyà iwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, rímù tó yọ síta ló ń fa híha ju táyà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ fi ẹfun kun èjìká táyà iwájú méjèèjì yíká. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ gbalasa, sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ lọ síwájú, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ ṣe òsì náà. Ibi tí ẹfun bá lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyẹn kò tíì tó. Ẹ wá ibi tí táyà iwájú kan ti lè gun òkè, tí táyà ẹ̀yìn òdìkejì náà sì gun nǹkan, bíi etí kọ́ńkéré tàbí igi nínípọn méjì, kí ẹsẹ̀ iwájú náà wọ inú fẹ́ńdà títí á fi kan rọ́bà sítọ́pà. Ẹ dá ẹfun padà, kí ẹnìkan rọra ká sítíárìn láti òpin dé òpin, kí ẹlòmíràn máa wò látita. Kí ẹni tó ń wò má ki ọwọ́ sáàárín táyà àti fẹ́ńdà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní fọ́tò ìdúró lásán àti ti ìgbà tí ẹsẹ̀ gòkè, fún táyà méjèèjì. Láìsí fọ́tò kejì, ẹ má tíì gbé ayùn.

Ìpele 8: Ẹ ṣí ọ̀nà fún táyà, láti orí èyí tó rọrùn jù

Ẹ gbà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì tún ẹfun kùn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti dáwọ́ híha dúró, ẹ dúró síbẹ̀.

1. Rọ́bà tó ń dá ẹrẹ̀ dúró lẹ́yìn táyà: ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ gé e.
2. Pílásítíìkì inú fẹ́ńdà: ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ̀ ọ́, ẹ fi àkísà tì í sẹ́yìn, kí ẹ dì í mú títí á fi tutù. Gígé e kúrò ń jẹ́ kí omi àti òkúta máa lu wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.
3. Aláíńmẹ́ǹtì: ẹ ní kí wọ́n fi kún kásítà, ìyẹn ni pé kí wọ́n sún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ táyà síwájú. Mìlímítà díẹ̀ níbẹ̀ ń gba táyà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ bọ́dì láìgé irin kankan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ aláíńmẹ́ǹtì kì í fọwọ́ kan kásítà bí ẹ ò bá sọ fún wọn. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì gba ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde.
4. Rímù: offset tó súnmọ́ ti àtilẹ̀wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú náà. Bí rímù bá wọlé jù, táyà á máa gé apá òkè. Ẹ fi àyè tó gba ìka kan sílẹ̀.
5. Etí irin tí wọ́n jó pọ̀ lẹ́yìn táyà, lápá ẹsẹ̀ awakọ̀: ẹ fi òòlù ńlá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn pẹrẹsẹ, ẹ fọ́n ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà sí i lójú ẹsẹ̀.
6. Ẹsẹ̀ bọ́dì: gígé ni, òun ló sì kẹ́yìn. Wọ́n á gé igun rẹ̀, wọ́n á jó irin pẹlẹbẹ dí ojú rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ bọ́dì yẹn ló ń gbé ilé tí ẹ̀yin àti ọmọ yín jókòó sí. Ẹ wá jórinjórin tó ti jó ṣásì rí, kì í ṣe ẹni tó ń jó géètì nìkan. Ẹ tú orí bátìrì kúrò kí wọ́n tó tan iná. Kápẹ́ẹ̀tì wà lókè ibẹ̀ nínú ọkọ̀: ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ tẹ́ àkísà tó rin gbindin síbẹ̀, kí ẹnìkan dúró ti omi. Etí tí a gé kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ibi tí a gé tí a ò dí padà ti sọ agbára rẹ̀ nù. Lẹ́yìn tó bá tutù, ọ̀dà pupa tó ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà, lẹ́yìn náà ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀.

Bí irin òkè inú fẹ́ńdà bá jẹ́ ibi tí táyà ń kàn nígbà tí ẹsẹ̀ gòkè, gígé kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi rọ́bà sítọ́pà tó gùn sí i, kí ẹsẹ̀ má bàa dé ibẹ̀ mọ́, tàbí kí ẹ padà sí táyà 265/70R17.

*Àyẹ̀wò:* ẹfun kò lẹ̀ mọ́ ibikíbi, ní ìdúró àti nígbà tí ẹsẹ̀ gòkè, sítíárìn láti òpin dé òpin.

Ìpele 9: Ojú pópó

Ẹ ṣe aláíńmẹ́ǹtì, kódà bí ẹ bá ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ní Ìpele 8, torí gbogbo ohun tí ẹ tún sún lẹ́yìn náà ti yí i padà. Ẹ kó ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó sínú ọkọ̀, pẹ̀lú ènìyàn, kí ẹ wá gba ọ̀nà tó ní kòtò. Ẹ pa rédíò. Gbígbọ̀n sítíárìn nígbà tí ẹ bá ń tẹ tọ́tù kí ọkọ̀ lè sáré sí i lè jẹ́ igun ṣáàfù tó ṣì pọ̀. Dídún lílẹ̀ tó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára lè jẹ́ táyà tó kan pílásítíìkì.

Bí ẹ bá kúrò ní 265/70R17 bọ́ sí 285/70R17, nígbà tí òǹkà eré bá fi 100 hàn, ẹ ti ń sá tó 103.5. Ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ bá wà ní ojú pópó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún dè nọ́ọ̀tì táyà dé 113 Nm, kí ẹ wo abẹ́ kílíìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣáàfù kọ̀ọ̀kan. Gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ ní etí kílíìpù kò burú, ó lè jẹ́ èyí tó dànù nígbà tí ẹ ń wọ̀ ọ́. Ẹ nù ún. Bí ó bá tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, kílíìpù yẹn kò le tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí iyanrìn tó wọlé. Kí ẹ tó rin ìrìn-àjò jíjìn, ẹ gbé táyà èsítírà sí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ ká sítíárìn dé òpin, kí ẹ sì wò ó bóyá táyà tó ti bẹ́ náà á wọ ibi tí èsítírà ti jáde lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.